Ọmọ Tí Kò Ké Ni Mo Kọ́kọ́ Ń Lọ Wò

Tí mo bá wọ wọ́ọ̀dù àwọn ìyá ìkókó ní òwúrọ̀, ariwo ló máa ń pàdé mi. Ọmọ yìí ń ké, tọ̀hún ń gbè é, ìyá kan á máa pè mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò ó, kò dákẹ́ láti ìdájí." Màá dá a lóhùn pé mò ń bọ̀, màá sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ibùsùn ọmọ tí kò sọ nǹkan kan. Àwọn ìyá míì máa ń bínú sí mi nítorí rẹ̀. Ọmọ tó ń ké ti dáhùn púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ bi í: ó ń mí, ó lágbára, ó sì mọ̀ pé ebi ń pa òun. Èyí tó dákẹ́ ni kò tíì dá mi lóhùn.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ń ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní yàrá ìrọbí bọ́ sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú ìyá àti ọmọ lẹ́yìn ìbí, ní wọ́ọ̀dù àti nínú ilé wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan rò pé mo lọ sinmi ni. Lójú tiwọn, ibi tí obìnrin ti ń rọbí ni iṣẹ́ wà. Tí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, tí ibi ọmọ náà sì ti jáde, ó parí. N kì í bá wọn jiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ka ikú ìyá àti ikú ọmọ káàkiri ayé mọ̀ pé ọjọ́ ìbí àti àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e gan-an ni ewu pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí ìyá àti ọmọ má kúrò lábẹ́ ìtọ́jú kí wákàtí 24 tó pé, kí wọ́n sì tún yẹ àwọn méjèèjì wò ó kéré tán nígbà mẹ́ta lẹ́yìn náà: láàárín wákàtí 48 sí 72, láàárín ọjọ́ 7 sí 14, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Tí wọ́n bá bi mí pé èwo ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo rẹ̀, ọjọ́ kẹta ni. Ní ọjọ́ kìíní, ojú gbogbo èèyàn ṣì wà lára wọn. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti délé, àwọn tó ń wá kí wọn ti ń dín kù, ìyá sì ti ń rò pé òun ti le. Ìgbà yẹn gan-an ni wàrà máa ń ya wọ ọmú tí ọmú á wú, tí á le gbagidi. Ìgbà yẹn ni ibà pọ́njú, èyí tó ń sọ awọ àti ẹyinjú ìkókó di ìyeyè, máa ń ga sí i lára ọmọ. Ìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń ru sókè jù láti ìgbà tó ti bímọ, láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà. Ìgbà yẹn náà ni ẹkún tí kò nídìí máa ń gbọ̀n ọ́n. Gbogbo wọn á dé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí nọ́ọ̀sì nítòsí.

Ìyá kan wà tí mo lọ wò nílé lásìkò yẹn, ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Bí mo ṣe wọlé ló ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ yìí ò yọ mí lẹ́nu rárá o. Àtàná ló ti ń sùn." Ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó tì í fi kún un pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, bàbá rẹ̀ gan-an ló jọ, òun náà kì í ké nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo fọ ọwọ́ mi, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bọ́ aṣọ ọmọ.

N kì í wo ọmọ tó wọ aṣọ. Kò sí bí wọ́n ṣe lè máa bẹ̀ mí pé òtútù á mú un, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Màá ní kí wọ́n ti fèrèsé, màá bọ́ ọ délẹ̀, màá sì yára, ṣùgbọ́n màá rí gbogbo ara rẹ̀.

Mo fi ìka tẹ awọ iwájú orí rẹ̀, mo gbé ìka kúrò. Àwọ̀ ìyeyè ló yọ níbẹ̀. Mo tẹ àyà rẹ̀, bákan náà. Mo yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ó ti dé ibẹ̀. Mo tú ìlédìí rẹ̀, ó gbẹ, àfi àbàwọ́n kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú láàárín rẹ̀. Irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan bàbàrà lọ́jọ́ kìíní tàbí ìkejì. Tó bá ṣì wà ní ọjọ́ kẹta lọ sókè, tí ìtọ̀ tòótọ́ kò sì sí, ọmú tí ọmọ ń mu kò tó ni. Mo ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ́ẹ́. Ó la ojú díẹ̀, ó tún pa á dé. A gbé e sí ọmú, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sùn lọ.

Mi ò pariwo. Mo sọ fún ìyá náà pé ọmọ rẹ̀ kò sùn o, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ilé ìwòsàn ni a sì ń lọ báyìí, kì í ṣe lọ́la.

Ibà pọ́njú ló ń ṣe ọmọ náà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sì nìyí. Ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ pọ̀, ara rẹ̀ á máa fọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ túútúú lẹ́yìn ìbí. Ìdọ̀tí aláwọ̀ ìyeyè tó ń jáde látinú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní bilirubin. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó sọ ọ́ di ohun tí ara lè dà nù nínú ìgbẹ́, àmọ́ ẹ̀dọ̀ ìkókó kò tíì dáńtọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ojú wọn máa ń pọ́n díẹ̀, tí á sì lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọmọ kò bá mu ọmú tó, kò ní í yàgbẹ́ tó, ìdọ̀tí yẹn á máa padà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni oorun ń kun ọmọ sí i, bí oorun ṣe ń kùn ún ni kò ní í mu ọmú. Tó bá wá pọ̀ kọjá ààlà, á wọ inú ọpọlọ, ohun tó bá sì bà jẹ́ níbẹ̀ kò ní àtúnṣe. Tí ara ọmọ bá ti pọ́n kí wákàtí 24 àkọ́kọ́ tó pé, tàbí tó bá dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ nígbàkigbà, pàjáwìrì ni. Fún ọmọ tó dúdú, ẹ wo ẹyinjú rẹ̀ àti erìgì rẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé awọ nìkan.

Wọ́n gbé ọmọ náà sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, ìyá rẹ̀ ń fún ọmú sínú ife kékeré tí wọ́n ń fi bu ú sí i lẹ́nu títí tó fi lágbára láti fà á fúnra rẹ̀. Ara rẹ̀ yá. Mo fẹ́ràn ìtàn iná yìí, nítorí pé ẹlẹgbẹ́ mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1956, ní ilé ìwòsàn kan ní Rochford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ward máa ń gbé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé jáde sínú oòrùn. Lọ́jọ́ kan, ó fi ọmọ kan han àwọn dókítà: gbogbo ara ọmọ náà ti mọ́, àfi ibì kan tó ní igun mẹ́ta tó ṣì pọ́n kedere, níbi tí etí aṣọ ti bò ó. Ọdún 1958 ni dókítà Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí tó jáde látinú rẹ̀. Obìnrin kan ṣáà wo ara ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má torí ìtàn yìí gbé ọmọ tó pọ́n sínú oòrùn kó sì jókòó tì í. Oòrùn ò ṣe é wọ̀n, ó lè jó awọ ọmọ, òtútù lè mú un níhòòhò, àkókò á sì ti lọ.

Báwo wá ni èèyàn ṣe máa mọ ọmọ tó ń sùn dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí agbára rẹ̀ ń tán? Ìlédìí ni mo máa ń ní kí wọ́n kà. Ọmọ tó bá ti pé ọjọ́ márùn-ún yẹ kó tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sán àti òru, ìgbẹ́ dúdú tó fi bẹ̀rẹ̀ yẹ kó ti di ìyeyè. Ó yẹ kó mu ọmú tó ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá. Tí kò bá jí fúnra rẹ̀, ẹ jí i. Ìkókó máa ń fọn díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò yẹ kó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tí wọ́n fi bí i lọ, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń gbà á padà kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ẹ má fún un lómi. Bí ooru ti wù kó mú tó, omi tó nílò wà nínú ọmú, ikùn rẹ̀ sì kéré débi pé omi á gba ipò oúnjẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èémí rẹ̀ náà, ìṣẹ́jú kan gbáko ni mo fi ń kà á, torí pé ìkókó a máa mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí kò ké, màá kà á lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, tàbí tí abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú, a kì í dúró. Ibà tó lé ní 37.5 lára ọmọ ọjọ́ díẹ̀ kì í ṣe ibà tí à ń fi omi nù. Òtútù tún ń tan ènìyàn jẹ jù: ara tó tutù nini tí kò gbà kó móoru lè jẹ́ àìsàn gan-an bí ibà ṣe jẹ́. Ẹ ṣí àyà ìyá, ẹ bọ́ aṣọ ọmọ, ẹ gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, awọ kan awọ, kí ẹ bò wọ́n pọ̀. Àwọn dókítà méjì ní Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, Rey àti Martínez, ló sọ èyí di ìtọ́jú gidi fún àwọn ọmọ tí kò wúwo ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí ẹ̀rọ amúnimóoru kò tó wọn. Bàbá náà lè ṣe é. Mo ti rí bàbá tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọmọ gbígbé, tó wá di pé wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó dá ọmọ padà.

Ti ìwọ́, mi ò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Kó mọ́, kó gbẹ, kí ìlédìí má bò ó, kí a má fi nǹkan tí onímọ̀ ìlera kò fọwọ́ sí sí i. Á re fúnra rẹ̀. Tí awọ tó yí i ká bá ń pọ́n tí ó sì ń gbilẹ̀, tàbí tó ń rùn tó ń ṣọyún, ẹ gbé ọmọ wá.

Ó wá ku ìyá. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

"Mo wà dáadáa." Gbólóhùn yìí ni mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ìyá ìkókó, òun náà ni mi ò kì í tètè gbà gbọ́. Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Wọ́n ti sọ fún obìnrin náà kó tó bímọ pé ara á máa ro ó, ẹ̀jẹ̀ á máa dà, orí lè fọ́ ọ, kò ní í róorun sùn. Gbogbo rẹ̀ wá di ohun tí à ń mú mọ́ra. Àwọn tó wá kí i náà, ọmọ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kí ẹnìkan tó wo ojú ẹni tó bí i.

Nítorí náà, mi ò kì í béèrè pé ṣé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà. Bẹ́ẹ̀ ni, ni gbogbo wọn á sọ. Mo máa ń béèrè pé, "Màmá, páàdì mélòó lẹ ti pààrọ̀ láti àárọ̀? Ẹ jẹ́ kí n rí èyí tí ẹ wọ̀." Ojú á tì wọ́n díẹ̀, wọ́n á fi hàn mí. Fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, pupa ni ẹ̀jẹ̀ náà máa ń jẹ́, lẹ́yìn náà á ṣú, á fẹ́lẹ́, á wá di omi tó funfun mọ́ ìyeyè, ó sì lè máa yọ díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Èyí tí n kò fẹ́ rí ni páàdì tó kún bámúbámú láàárín wákàtí kan, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì ńláńlá, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣú tẹ́lẹ̀ tó tún wá ń dà ní pupa yòò, tàbí èyí tó ń rùn.

Ojú lásán kì í mọ iye ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún náà kì í mọ̀ ọ́n. Aṣọ á mu ún, bẹ́ẹ̀dì á mu ún, á máa jò díẹ̀díẹ̀ láìpariwo, ẹni tó ń wò ó á ní kò tíì pọ̀. Mílílítà 500 ni a kà sí ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Tanzania àti Gúúsù Áfíríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023, wọ́n tẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fa ìlà ìwọ̀n sí sábẹ́ àwọn obìnrin lẹ́yìn ìbí, kí wọ́n lè rí iye ẹ̀jẹ̀ náà gan-an. Bó bá ti pé ìwọ̀n, wọ́n á fún ilé ọmọ ní ìwọ́ra, wọ́n á fún un lóògùn, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á wá ibi tó ti ń jáde, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí wọ́n máa gbìyànjú ọ̀kan kí wọ́n tó ṣe èkejì. Tí a bá ka ẹ̀jẹ̀ tó ya kọjá bó ṣe yẹ, iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀ àti ikú látọwọ́ rẹ̀ pọ̀, àpapọ̀ wọn fi ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Oògùn tuntun kọ́ o. Wọ́n kàn yéé fi ojú díwọ̀n ni, wọ́n sì ń ṣe gbogbo ìtọ́jú náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo tún máa ń fi ọwọ́ wá ilé ọmọ lórí ikùn. Lẹ́yìn ìbí, ó yẹ kó le róbótó nítòsí ìdodo, kó sì máa fi nǹkan bí ìka kan sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́, títí tí ọwọ́ kò fi ní í kàn án mọ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ nìyẹn. Nígbà míì, ìtọ̀ tó kún àpò ìtọ̀ ló ti ilé ọmọ sókè tí kò jẹ́ kó sún kì. Ohun àkọ́kọ́ tí obìnrin bẹ́ẹ̀ nílò ni kó lọ tọ̀. Inú tó máa ń run wọ́n tí ọmọ bá ń mu ọmú, ilé ọmọ tó ń sún kì ni. Ẹni tó ti bímọ rí máa ń mọ̀ ọ́n lára ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí lọ.

Ewu mìíràn wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ń dà: ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọkọ kan pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ má bínú, mà. Ó ní kí n má pè yín. Ó kàn ní kí n pa iná ni, pé iná ń gún òun lójú, orí sì ń fọ́ ọ láti ọ̀sán." Mo bi í pé ṣé ó ní òun ń rí nǹkan tó ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì. Ó lọ bi í, ó padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ibì kan ń ro ó nísàlẹ̀ igbáàyà, lápá ọ̀tún? Ó tún lọ bi í. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ní oúnjẹ tí òun jẹ ni. Mo ní kí wọ́n pàdé mi ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá 160 lókè àti 110 nísàlẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru rí ní gbogbo ìgbà tó fi lóyún! Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ magnesium sulphate kí gìrì má baà mú un, wọ́n sì fún un lóògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gìrì aboyún kì í mú ẹni tó ti bímọ tán. Ó lè mú un, títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Tí mo bá ń kọ́ àwọn ọkọ, mi ò kì í sọ púpọ̀ ju èyí lọ: tó bá ní kí ẹ má pe nọ́ọ̀sì, ẹ pè é.

Ibà náà, mi ò kì í fojú kékeré wò ó lára ìyá. Ní Vienna, ní ilẹ̀ Austria, ní 1847, dókítà kan tó ń jẹ́ Semmelweis ṣàkíyèsí pé àwọn ìyá tí dókítà ń gbẹ̀bí fún ń kú nípa ibà ju àwọn tí agbẹ̀bí ń gbẹ̀bí fún lọ dáadáa. Ó rí i pé inú yàrá tí wọ́n ti ń la òkú ni àwọn dókítà ti ń wá tààrà sọ́dọ̀ àwọn tó ń rọbí. Ó ní kí wọ́n máa fi omi olóògùn fọ ọwọ́, ikú náà sì já wálẹ̀ wẹ́lẹ́. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀ bọ̀rọ̀. Nítorí èyí, àlejò tó bá wá kí ìyá ìkókó tí mo wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, bí ó bá fẹ́ kó bínú. Ibà, inú rírun nísàlẹ̀, ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ tó ń pọ́n tó sì ń sun omi, ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń ro ju èkejì lọ, èémí tó ń ge: ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn tó kí èèyàn dìde lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Ọmú. Kò sí ohun tí àwọn ìyá ń jìyà lórí rẹ̀ tó èyí. Wọ́n ti sọ fún wọn pé ó máa ń dùn wọ́n níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fara dà á, orí ọmú á sì máa là, á máa sẹ̀jẹ̀, wọ́n á máa fara dà á. Màá jókòó tì wọ́n, màá ní kí wọ́n gbé ọmọ sí i bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí ọmú nìkan ló wà lẹ́nu ọmọ. Màá ní kí ìyá fara ti ìjókòó, kó yí ọmọ kí ikùn rẹ̀ kọjú sí ikùn òun, kí imú ọmọ kọjú sí orí ọmú, kó dúró dìgbà tí ọmọ bá yanu gbàgàdà, kó tó fà á mọ́ra kíá. Àgbọ̀n ọmọ á kan ọmú, ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ á yí síta, púpọ̀ nínú ibi dúdú tó yí orí ọmú ká á wọ ẹnu rẹ̀. Ojú ìyá ni mo máa ń wò nígbà yẹn. Tí èjìká rẹ̀ bá wálẹ̀, ó ti bọ́ sí i. Tí kò bá bọ́ sí i, kó ti ìka bọ igun ẹnu ọmọ, kó yọ ọ́, kó tún un gbé. Ọmú tó wú, tó pọ́n, tó gbóná lápá kan, tí ibà sì tẹ̀ lé e, kì í ṣe ìdí láti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ẹ jẹ́ kó máa mu ún, kí ẹ sì wá ìtọ́jú.

Nípa ti ọkàn, ẹkún ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún kì í bà mí lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń sun ún, á lọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ẹni tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹni tí kò sunkún mọ́. Mo rántí ìyá kan tí ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní nígbàkigbà tí mo bá lọ, ọmọ rẹ̀ mọ́, ó ń sanra, gbogbo ohun tí mo bi í ló dáhùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ó máa ń wo ọmọ náà bí ẹni tó ń tọ́jú ẹrù onílé. Mo bi í pé tí ọmọ bá sùn, ṣé òun náà máa ń sùn? Ó ní rárá, òun máa ń la ojú sílẹ̀ ni. Mo wá gbé ìbéèrè mẹ́wàá ti Edinburgh jáde, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń ṣe ìyá ìkókó, tí wọ́n sì ti ń lò láti 1987. Ìbéèrè ìkẹwàá ni bóyá èrò láti pa ara ẹni lára ti wá sọ́kàn rẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù láti béèrè rẹ̀, wọ́n ní á gbé èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn gbé ọmọ fún mi, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè." Lọ́jọ́ yẹn gan-an la mú un lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ ìlera ọpọlọ, ó sì gba oògùn àti ìmọ̀ràn fún ìgbà pípẹ́. Oògùn wà tí èèyàn lè lò láì já ọmọ lẹ́nu ọmú. Dókítà ló máa yàn án. Tó bá jẹ́ pé ìyá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí ó ń sọ ohun àjèjì nípa ọmọ, tí kò sì sùn láti ọjọ́ mélòó kan, pàjáwìrì nìyẹn, kí wọ́n má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi máa ń sọ pé àìmoore ló ń ṣe irú ìyá bẹ́ẹ̀. Wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru.

Ẹ tún bi ọkọ léèrè. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn a máa mú bàbá náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀pọ̀ wọn ti rò pé ó parí. Wọ́n á mú ọmọ wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n á sì gbàgbé pé wọ́n fẹ́ yẹ àwọn náà wò. Mo máa ń sọ fún wọn pé oyún lè dé kí nǹkan oṣù tó padà dé, torí pé ẹyin á ti kọ́kọ́ jáde. Ọmú nìkan lè dáàbò bo obìnrin dé ìwọ̀n 98 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ọmọ kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, tí kò mu ohunkóhun mìíràn, tí ọmú kò dáwọ́ dúró tọ̀sán-tòru, tí nǹkan oṣù kò sì tíì padà. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, kí wọ́n wá ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni màá ti ilẹ̀kùn, màá béèrè ohun tí wọn kì í fẹ́ sọ níwájú ẹnikẹ́ni. "Tí ẹ bá wúkọ́ tàbí tí ẹ bá rẹ́rìn-ín, ṣé ìtọ̀ máa ń ta jáde?" Ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn náà. Ìyá kan sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti bí ọmọ òun tó ṣáájú eléyìí ló ti ń rí bẹ́ẹ̀, òun rò pé bí ara ìyá ọmọ ṣe máa ń rí nìyẹn, òun kì í tún bá àwọn ọ̀rẹ́ òun rẹ́rìn-ín mọ́ bó ṣe yẹ. Mo kọ́ ọ ní eré ìmárale tí dókítà kan tó ń jẹ́ Kegel kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1948: kó sún iṣan ìsàlẹ̀ kì bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ àti afẹ́fẹ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kó dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kó tú u sílẹ̀ pátápátá, kó tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ó kéré tán, nígbà mẹ́ta lójúmọ́. Kó má di èémí mú, kó má sún ikùn tàbí ìdí kì. Mo sọ fún un pé ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó rí ìyàtọ̀ gidi, kó má sì dá a dúró lọ́sẹ̀ kejì nítorí pé kò tíì rí nǹkan kan. Tí kò bá sì sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta náà, kó padà wá, màá kọ̀wé fún un lọ rí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ jù mí lọ. Ó béèrè pé ṣé òun lè máa ṣe é nígbà tí òun bá ń fún ọmọ lọ́mú. Mo ní ìgbà yẹn gan-an ló dára jù, torí pé kò ní í gbàgbé.